Ní Ti Òkúta Mẹ́rin Tó Wà Lórí Ilẹ̀ Rẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlàkàkà, mo kí ọ kú wàhálà ìgboro. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé oorun ń kún ojú rẹ? Ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ tó máa ń jágbe mọ́ ọ, ṣé Ọlọ́run ti ń bá wa rọ̀ ọ́ lọ́kàn? O ò ní fẹsẹ̀ kọ. O ò ní ṣe é kù díẹ̀. O ò ní kọ́lé kí ẹlòmíràn wá máa gbé inú rẹ̀. Ohun tó o fi òógùn ojú rẹ rà ò ní bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, kò sì ní bọ́ mọ́ àwa tó o ní ká bá ọ ṣọ́ ọ lọ́wọ́. Àdúrà tó gbẹ̀yìn yìí ni kí o ṣe àmín sí kó dún ketekete, nítorí òun gan-an ló gbé báírò lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí.

Àwa náà wà. Ìyá rẹ wà, àfi orúnkún rẹ̀ tó máa ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fepo sí nígbàkígbà tó bá fẹ́ dìde, ó sì ní kí n má kọ ìyẹn síwèé. Òun náà ló ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, kí àyà rẹ má baà já. Nítorí náà, kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ilé ò jó, ẹnikẹ́ni ò ṣàìsàn, òrùlé tó o ní ká pààrọ̀ ò tíì jò ju bó ṣe ń jò tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé orí ìdúró lo wà, jọ̀ọ́, wá ibì kan jókòó sí kó o tó ka èyí tó kù.

Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù. Lórí fóònù, bí mo bá ti ní àkọ́bí mi, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ o, wàá ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé e kúrú, ìpàdé ni mo wà. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé gé kúrú. Ó ní orí, ó ní ìdí, ó sì ní ibi tí mo ti fẹ́ kí o bá mi rò ó dáadáa kó o tó bínú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwòrán ilẹ̀ rẹ tó o fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n yà látòkè, inú fóònù yẹn náà ló wà. Mi ò mọ ẹni tó gun òkè lọ yà á, mi ò sì mọ ohun tó lè ṣe é bí mo bá ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ lé e lórí. Mo ti fi aṣọ ìnujú dì í, mo gbé e sínú àpótí. Bí ẹnì kan bá pè, mo máa ń tú u jẹ́jẹ́, kí n tó tú u tán, onítọ̀hún á ti dákẹ́. Ìdí tó o fi ń pè mí tí n kì í gbé e nìyẹn. Kì í ṣe pé mò ń sá fún ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́sẹ̀ yìí, mo sá díẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé, nítorí ibẹ̀ ni nǹkan ti sàn díẹ̀. Yàrá méjì tó o ní ká máa fi gba ayálégbé kó má baà jókòó lásán, a ti rí ẹni gba ọ̀kan. Aránṣọ ni, obìnrin jẹ́jẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kì í pariwo tó ìyá rẹ. Mo fún un ní fọ́ọ̀mù tó o fi ránṣẹ́, a jọ jókòó tì í láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ ìdí tó fi kúrò nílé tó ń gbé tẹ́lẹ̀. Mo ní kí n má ṣojúsàájú, èmi náà bá mú ọ̀kan, mo kọ orúkọ mi, mo kọ iṣẹ́ mi, ìgbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti bi mí pé kí ló dé tí mo fi kúrò nílé tí mò ń gbé tẹ́lẹ̀, mo ní mi ò kúrò. Ibi onídùúró ni ọ̀rọ̀ ti há. Wọ́n ní kó mú ẹnì kan wá tó mọ̀ ọ́n dáadáa, tó máa san owó ilé bí òun ò bá rí i san. Àlejò sì ni, kò mọ ẹnì kankan níbí àfi èmi tí mo ti jókòó tì í láti àárọ̀. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo rí i pé lóòótọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó mi. Ni mo bá ṣe onídùúró fún un. Mo fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, mo tún fọwọ́ sí i lókè gẹ́gẹ́ bí onílé.

Ìgbà tí iṣẹ́ ò lọ déédéé fún un lóṣù kẹta, mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì fi sùúrù rán mi létí pé fọ́ọ̀mù ní ọ̀dọ̀ onídùúró ni kí n lọ. Òótọ́ ló sọ. Mo padà sí yàrá mi, mo yọ owó nínú àpò ọ̀tún, mo kà á sí àpò òsì, mo kọ rìsíìtì fún ara mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi pé mi ò jẹ́ kó pẹ́. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní òun ti rí onílé rí, òun ò rí èyí tó ń san owó ilé nínú ilé ara rẹ̀ rí. Iṣẹ́ aránṣọ náà ti padà bọ̀ sípò báyìí, má da ara rẹ láàmú nípa ìyẹn.

Yàrá kejì, ìyẹn yàrá rẹ, a ò tíì rí ẹni tó yẹ. Àwọn ènìyàn wá o. Tíṣà kan wá, mo rí i pé ó máa ń wọ́ bàtà nílẹ̀, kò ní jẹ́ ká gbádùn. Awakọ̀ kan wá, ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ jù. Nọ́ọ̀sì kan wá tí mi ò rí àbùkù kankan lára rẹ̀, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fura. Bẹ́ẹ̀dì rẹ ṣì wà níbi tó wà, ìyá rẹ sì ń gbá ibẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Mo mọ̀ pé o ní yàrá tó bá ṣófo ń jẹ owó. A ń wò ó lọ.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kù.

Ojoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá ni mò ń lọ síbẹ̀ bó o ṣe ní kí n máa lọ. O ní ẹ̀gbẹ́ títì tuntun ló wà, ká má kọ́ nǹkan kan sí i, ká má gbin nǹkan kan sí i, ká ṣáà fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, iye rẹ̀ á máa lé sí i fúnra rẹ̀, kódà bí a bá ń sùn. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ yẹn ò yé mi. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ láyé yìí, bí o bá fi í sílẹ̀, ṣe ló ń dín kù. Pákó ń jẹrà, ìṣó ń dípẹtà, orúnkún ìyá rẹ náà nìyẹn. Síbẹ̀ mò ń lọ wò ó bóyá ó ti ń lé. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n lóṣù kìíní, mo fi okùn kan náà wọ̀n ọ́n lóṣù kejì, bákan náà ló ṣe. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé bóyá èyí tí kì í lé ni wọ́n tà fún ọ. Ẹnì kan tó ní ilẹ̀ níwájú díẹ̀ sọ fún mi pé tòun ti di ìlọ́po méjì. Mo sáré lọ wò ó, igbó ló kún ibẹ̀. Mo wá ń rò ó pé bóyá koríko tí mò ń ro lórí tìrẹ ni kò jẹ́ kó ráyè.

Ọjọ́ Àìkú, èmi àti ìyá rẹ jọ máa ń lọ jókòó síbẹ̀ ni. Ìyá rẹ ti fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí ilé ìdáná rẹ máa wà, ìṣísẹ̀ méje ní ìbú, mẹ́sàn-án ní gígùn. Èmi náà ti mọ ibi tí mo máa gbé àga mi sí, ibi tí mo ti lè máa rí ẹni tó bá ń wọlé. O ò sọ fún wa rí pé o fẹ́ wá kọ́lé síbẹ̀, a mọ̀. Àwa la sọ ọ́ fún ara wa.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ri òkúta mẹ́rin yẹn mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn kékeré onísìmẹ́ńtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lórí láti fi mọ ààlà, o pè mí, o sì sọ ohun kan tí mi ò gbàgbé. O ní Bàbá, ẹ bá mi fojú sí àwọn òkúta yẹn o, bí wọ́n bá sọnù, ilẹ̀ wa lọ nìyẹn. O ní gbogbo ohun tó o ti kó jọ láti ọdún mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. O ò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe sí mi lára. Ọdún mẹ́sàn-án ọmọ mi, lórí òkúta mẹ́rin, níta gbangba, láìsí ilẹ̀kùn, láìsí àgádágodo! Mo dúró láàárín ilẹ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ èyí tí mo máa kọjú sí nínú mẹ́rin.

Kí o rántí irú ẹni tí bàbá rẹ jẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ sítọ́ọ̀ nílé iṣẹ́ ìlagi, ìṣó kan ò sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Òfin tí mo fi ṣọ́ ọ kò ju méjì lọ. Ìkíní, ohun tó bá ṣe pàtàkì kì í sùn níta. Ìkejì, ẹrù kì í jáde àfi kí ẹni tó ni ín fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kó sì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá pátápátá rán ìyàwó rẹ̀ wá gba pákó lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó padà lọ pè é wá. Ó wá, inú ń bí i, ó fọwọ́ sí i.

Ilẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún tìrẹ, ẹnì kan ti gbà á, ó ń mọ búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Onírùngbọ̀n ni a ń pè é. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó máa ń kí mi dáadáa. Ṣùgbọ́n típà tó ń kó yanrìn wá fún un, hẹn-ẹn! Lọ́jọ́ kan, mo dúró báyìí, típà fẹ̀yìn rìn, táyà rẹ̀ ku ìka mẹ́ta kó gun òkúta rẹ. Mo figbe ta, awakọ̀ yọrí lójú fèrèsé, ó ní ó mà ṣe o, Bàbá, òkúta lásán nìyẹn. Òkúta lásán! Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Mo kọ̀wé sí báńkì lórí fóònù, níbi tí wọ́n ti máa ń sọ fún mi pé owó wọlé. Mo máa ń dá wọn lóhùn, mo máa ń ní ẹ ṣé, mo rí i gbà, ẹ kú àmójútó, wọn kì í fèsì. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n lè bá wa tọ́jú òkúta mẹ́rin sọ́dọ̀ wọn, tí a bá nílò rẹ̀ a ó wá gbà á. Títí di òní, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kàn sọ pé àwọn ti yọ owó díẹ̀ nínú owó mi. Mo rò pé torí ìbéèrè yẹn ni.

Ni mo bá ṣe ohun tí ọkàn mi ní kí n ṣe. Ọ̀sán gangan ni, àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ti lọ jẹun. Mo gbé dígà, mo yá bárò, mo hú òkúta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni ń yọ eyín ọmọdé. Wọ́n jinlẹ̀ o, ẹni tó rì wọ́n ò bá wọn ṣeré. Mo kó wọn wálé, mo fọ̀ wọ́n, mo so páálí mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i, mo kọ igun tó ti wá, mo kọ ọjọ́ tó wọlé, mo sì kọ ọ́ pé ara rẹ̀ pé, kò lábàwọ́n. Mo tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Kí olè má baà mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ rí, mo padà lọ dí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo gbá ojú ilẹ̀ náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó dán. Ìyá rẹ bi mí pé kí ni mò ń kó wọlé. Mo ní ọdún mẹ́sàn-án ọmọ rẹ ni. Ó bá mi gbé ẹ̀gbẹ́ kan bárò.

Oorun tí mo sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, mi ò sun irú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì.

Àfi ìgbà tí o fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ẹnì kan fẹ́ ra ilẹ̀ náà, pé ìlọ́po mẹ́ta iye tó o rà á ló fẹ́ san, pé awọnlẹ̀ ń bọ̀ wá wò ó kí ẹ tó ṣe ìwé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo gbé e fún ìyá rẹ, ó kà á, ó dá a padà fún mi, ó ní òun fẹ́ lọ ká aṣọ tí òun sá. Kò sí aṣọ kankan níta. Ó yẹ kí inú mi dùn, nítorí ilẹ̀ tí mo sọ pé kì í lé, ṣé o rí i, ó ti lé láìjẹ́ kí n mọ̀. Inú mi ò dùn, àkọ́bí mi. Mo ti ní mi ò ní parọ́ nínú lẹ́tà yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni awọnlẹ̀ dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ènìyàn kí, òun àti ẹ̀rọ rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó rìn síwájú, ó rìn sẹ́yìn, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ó ní Bàbá, ṣé ibí ni? Mo ní ibí ni. Ó ní òkúta dà? Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní kó fọkàn balẹ̀, wọ́n wà ní ìpamọ́. Mo mú un wálé tayọ̀tayọ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo fà wọ́n jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n síwájú rẹ̀ pẹ̀lú páálí wọn. Mò ń retí kó yìn mí. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀. Àga wà níbẹ̀ o, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, ó káwọ́ lérí. Ó ní Bàbá, ta ló ní kí ẹ hú wọn? Mo ní ọmọ mi ló ní kí n tọ́jú wọn. Ó ní òkúta kọ́ ni nǹkan, Bàbá, ibi tó wà ni nǹkan. Ó ní òkúta ààlà tó bá ti kúrò níbi tí wọ́n rì í sí, kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró. Ibi tí wọ́n ń pè lórí, èmi ti fi í tẹlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì pè ọ́, kó jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ fún ọ. Ó ṣàánú mi, ó gbà.

Ọ̀rọ̀ ò dúró síbẹ̀. Ìgbà tí èmi àti òun padà dé orí ilẹ̀, Onírùngbọ̀n ti to búlọ́ọ̀kù kọjá ibi tó ń tò ó dé tẹ́lẹ̀. Mo ní ilẹ̀ ọmọ mi nìyí o. Ó ní kí n má bínú, òun ò fẹ́ gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, kí n ṣáà fi òkúta ààlà han òun, kíá ni òun á kó búlọ́ọ̀kù òun sẹ́yìn. Mo wo ilẹ̀. Ilẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi gbá tó dán bí àwo. Mi ò rí ibi tí mo lè nàka sí. Ó ní bí kò bá sí òkúta, Bàbá, ta ló mọ̀? Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀sí, ìyẹn ló dùn mí jù, nítorí bó bá bú mi ni, ǹ bá mọ ohun tí màá fi dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kejì mo pọn omi lọ, mo dà á sí gbogbo ibi tí mo rò pé òkúta wà, mo ní ibi tí mo hú á rọ̀, omi á sì rì níbẹ̀. Ibi mọ́kànlá ló rì.

Láti ọjọ́ náà, èmi ni òkúta. Mo gbé àga mi lọ sí igun tó sún mọ́ Onírùngbọ̀n, ibi tí mo rò pé nọ́ńbà kejì wà, mò ń jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í po yanrìn títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Ọjọ́ kìíní, ìyá rẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ṣé kí òun wá bá mi kọ nọ́ńbà sórí. Ọjọ́ kejì, ó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá, ó jókòó sí igun tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Àwọn tó ń kọjá lójú títì á ní ẹ kú ìjókòó o, a ó ní ẹ kú ìrìn. Àwọn mìíràn rò pé ìjà la jà tí a fi jókòó jìnnà síra bẹ́ẹ̀, obìnrin kan tiẹ̀ dúró bẹ ìyá rẹ pé kó má wo tèmi, pé bí àwọn ọkùnrin ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìyá rẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun ń gbìyànjú. Aránṣọ ní òun lè wá bá wa jókòó sí igun kẹta bí òun bá rí àyè, mo ní rárá o, ayálégbé ni, kò sí nínú fọ́ọ̀mù. Oòrùn ń pa wá. A ò sì tó. Igun mẹ́rin ni ilẹ̀ ní, àwa méjì péré ló kù nílé.

Má sunkún o. Awọnlẹ̀ ní ọ̀nà wà. Ó ní nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ilẹ̀ rẹ lè júwe ibi tí òkúta kọ̀ọ̀kan wà fún ẹ̀rọ òun, kò ní yẹ̀, òun á sì rì wọ́n padà níṣojú Onírùngbọ̀n. Onírùngbọ̀n ti gbà, ó ní ibi tí ẹ̀rọ bá ní òun dé, ibẹ̀ náà ni òun máa dúró. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n dá. Ìwé ilẹ̀ gan-an ni awọnlẹ̀ ń fẹ́, kò fẹ́ àwòrán rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ sì ni ìwé náà wà. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ti gbọ́ lẹ́nu awọnlẹ̀, ó ní bí òkúta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ṣì ń rà á, bí wọn ò bá pé mẹ́rin, kí wọ́n má pe òun mọ́. Ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Mo ti sọ ọ́ tán. Mo mọ̀ pé àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Dárí jì mí. Mo rò pé mò ń ṣọ́ ọ ni.

Owó díẹ̀ ni mo fẹ́ tọrọ báyìí, má jẹ́ kó bí ọ nínú. Owó awọnlẹ̀ àti ti ẹni tó máa bá a gbẹ́lẹ̀. Owó sìmẹ́ńtì àpò kan. Owó agbòòrùn méjì, ti ìyá rẹ kó tóbi ju tèmi lọ, òun ló ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Owó oògùn ìpara fún orúnkún tó ní kí n má kọ síwèé. Má fi owó náà ránṣẹ́ nípasẹ̀ báńkì o, mi ò rò pé inú wọn tíì yọ́ sí mi látorí ọ̀rọ̀ òkúta yẹn. Fọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ fún wa ju bí mo ṣe mọ nǹkan ṣọ́ lọ. Ibi tó o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á gbà ọ́. O ò ní wá ọ̀nà ilé tì. A ó fojú rí ọ, a ó fẹnu kí ọ, kì í ṣe lórí fóònù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Olùtọ́jú sítọ́ọ̀, tó ti fẹ̀yìn tì.

Ìyá rẹ ti ka lẹ́tà yìí tán, ó ní mo fo ohun kan. Òótọ́ ni, mo fò ó. Awọnlẹ̀ wá láàárọ̀ yìí láti wá gba òkúta, ó fẹ́ fi ọ̀dà tún nọ́ńbà orí wọn kọ. Mo kó mẹ́ta fún un, ó fọwọ́ sí i. Mo ní mo ṣì ń wá ìkẹrin. Irọ́ ni mo pa, kí Ọlọ́run forí jì mí, mi ò pa irú rẹ̀ rí láàárín ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó wà nínú yàrá rẹ, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, ìyá rẹ ló fi aṣọ bò ó. Ilẹ̀ rẹ ni, mi ò ní kí o má tà á. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ó lé oṣù méjì nìyí tí o ti yọjú sílé yìí kẹ́yìn, o sì mọ òfin sítọ́ọ̀ mi. Bí o bá dé, tó o jẹun, tó o bá ìyá rẹ lọ wo ìṣísẹ̀ méje àti mẹ́sàn-án yẹn, tó o bá ṣì fẹ́ tà á, èmi fúnra mi ni màá gbé òkúta náà sí bárò fún ọ. Mo ti so páálí tuntun mọ́ ọn. Mo ti fa ìlà sí i nísàlẹ̀, níbi tó o máa fọwọ́ sí.